Ìwọ̀n Bàbá Onílé àti Ẹsẹ̀ Ẹ̀rọ Mi

Ilé tí mo ti lóyún àkọ́bí mi, wọ́n máa ń wọn ènìyàn níbẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní yàrá. Mi ò ṣàwàdà o. Bàbá tó ni ilé náà, iṣẹ́ ìwọ̀n ló ṣe ní ilé ẹrù ojú irin títí ó fi fẹ̀yìntì. Àpò ni o, irin ni o, ẹran ààyè ni o, kò sí ohun tí kò gbé ka orí ìwọ̀n rí. Nígbà tí wọ́n gbé ìwọ̀n tuntun wá síbi iṣẹ́ wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbé ògbólógbòó rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbà fún un. Ó gbé e sí ìdí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Irin ńlá ni, ó ní pẹpẹ nísàlẹ̀, ó ní ọ̀pá lókè, ọ̀pá náà sì ní irin róbótó kan tí bàbá máa ń tì síwájú tì sẹ́yìn títí ọ̀pá yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gun òkè, orí ìwọ̀n yẹn ni yóò kọ́kọ́ gùn. Bàbá Oníwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Pákó ni ilẹ̀ òkè mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ. "Pákó kò mọ olówó, kò mọ mẹ̀kúnnù. Ìwọ̀n nìkan ló mọ̀."

Ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi lọ gba yàrá, ọkọ mi ló kọ́kọ́ gun ìwọ̀n. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìsáṣọ. Ọ̀pá kò tilẹ̀ mì dáadáa. Bàbá pòṣé, ó ní, "Èyí, atẹ́gùn lásán ni. Ìyàwó ńkọ́?"

Mo gùn ún. Èmi kò tẹ́ẹ́rẹ́ rí láti ilé ìyá mi. Ọ̀pá ta gìrì. Bàbá ti irin róbótó, ó tì í, ó tún tì í, títí ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

"Dírẹ́bà," ni bàbá wí, "ṣé ìyàwó kan lo mú wá ni àbí méjì?"

Mo fi ojú bá ọkọ mi wí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá ku ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Èmi kì í rán bùbá tàbí ìró. Tapólì ni mò ń rán, aṣọ líle tí àwọn awakọ̀ fi ń bo ẹrù kí òjò má pa á. Ẹ̀rọ tó lè gún irú aṣọ bẹ́ẹ̀, irin ni láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e, wọn a sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sinmi lọ́nà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, ẹnu ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì tóbi ju orí àtàǹpàkò mi lọ.

Bàbá wọ̀n ọ́n. Ó wò ó lọ wò ó bọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Ó fúyẹ́ ju àpótí ìyàwó mi lọ," ó wí. "Ẹ gbé e gòkè."

Àpótí tí ó wí yẹn wà lókè lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n fún wa. Ti Ìyá Onílé ni, igi líle ni wọ́n fi kàn án, aṣọ, àwo àti ìkòkò irin ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé bàbá fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ìwọ̀n tirẹ̀ ló sì fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn.

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni eruku bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ibi tí ẹ̀rọ mi wà gan-an ni ibùsùn Ìyá Onílé wà nísàlẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹ, irun rẹ̀ funfun ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìyàwó Dírẹ́bà, kí lẹ ń lọ̀ lókè ńbí? Mo dùbúlẹ̀, bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun sí mi lórí ni."

"Ìyá mi, tapólì ni mò ń rán o."

"Tapólì kì í ní ìyẹ̀fun."

Mo kúnlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ inú pákó, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ìka gún ilẹ̀ tútù. Bàbá gbé àtùpà wá, ó fi ìka sínú ihò kan, ó yọ ọ́, ó fi sínú èkejì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá," ó wí.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Bàbá họ orí. Ó ní kí èmi náà gùn ún. Mo ti lóyún nígbà náà, ó sì ti ń hàn. Ọ̀pá ta ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Hẹn-ẹ́n!" Bàbá pariwo bí ẹni tó mú olè. "Mo ti mọ̀! Mo ti mọ̀ láti òkè!"

"Bàbá, oyún ni."

"Oyún kì í wúwo ni?"

"Ó ń wúwo, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣùgbọ́n èmi kì í gun orí ẹ̀rọ. Orí àga ni mò ń jókòó sí. Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni ihò wà. Ṣé ẹ rí ihò níbi tí èmi ń dúró sí?"

"Ilé kan náà ni. Pákó kan náà ni. Ohun tó bá gòkè, òkè ló gbé e."

Ó ní kí n dín ẹrù kù. Mo yọ dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí. Mo yọ irin tó bo kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí mo bá wá ń rán nǹkan, kẹ̀kẹ́ a máa fa ìró mi. Ó ní kí tapólì má ṣe sùn lókè mọ́, mo wá ń to tapólì sórí àtẹ̀gùn, àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá ti rí mi ni yóò ní kí n gun ìwọ̀n, gbogbo ìgbà ni mo sì ń wúwo sí i, nítorí ọmọ inú kò gbọ́ àṣẹ onílé. Bí ọ̀pá bá ti ta báyìí, yóò wo ojú mi bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀ jẹ.

Ọkọ mi gan-an, ẹni tí n bá sá di! Alẹ́ ọjọ́ kan ló ń jẹun lọ́wọ́, ó wo abọ́ mi, ó rọra ní, "Ìwọ, bí o bá wá dín oúnjẹ kù díẹ̀ ńkọ́?"

Mo wò ó. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ìgbà tó yá, ó sú mi. Mo ní kí bàbá tẹ̀ lé mi dé ibi àpótí ìyàwó rẹ̀. Àpótí yẹn kò ní ẹsẹ̀, ikùn ló fi sùn sílẹ̀ gbalaja. Ọkọ mi àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí wọn ń làágùn. Abẹ́ rẹ̀ ń dán bí àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé àpótí yìí wúwo ju ẹ̀rọ mi lọ."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ó ti pẹ́ níbí jù mí lọ."

"Ó ti pẹ́ gan-an."

"Kí ló dé tí kò gbẹ́ ilẹ̀?"

Bàbá fọwọ́ pa ara àpótí náà bí ẹni ń pa ara ẹṣin. "Àpótí yìí ní sùúrù," ó wí. "Ẹ̀rọ tìrẹ, oníjàgídíjàgan ni. A máa gbọ̀n."

"Ìgbà tí oyún dá mi dùbúlẹ̀ tí n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ wọn ihò náà ṣáájú, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn, ẹ ní ó ti jìn sí i!"

"Ìyàwó Dírẹ́bà, má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn. Èmi ni oníwọ̀n."

Ohun tó tún wá ń bí mi nínú jù ni pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n sọ. Ojú mi rí i. Àpótí wúwo, kò dá ihò. Ẹ̀rọ fúyẹ́, ó ń lu ilẹ̀ jáde. Ó wà lọ́kàn mi bí èérún ẹran tó há sí eyín, ahọ́n ń tọ́ ọ, kò jáde. Mo kàn ń pòṣé káàkiri yàrá.

Ọkọ mi wá dé lọ́jọ́ kan, ó ń yọ̀. Ó mú ọmọrí irin mẹ́rin wá láti gáréèjì, irú èyí tí wọ́n fi ń dé àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí gírísì má bàa jáde. Wọ́n nípọn, wọ́n sì ní etí yíká bí ife.

"Ìṣòro tán," ó wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ á dúró lórí irin, irin á dúró lórí pákó. Kí pákó wá sọ pé kí ni?"

Ó dojú wọn délẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé wọn lẹ́yìn.

"Ṣé kò yẹ kí etí wọn wà lókè ni?" mo bi í.

"Ọmọrí kọ́ ni? Ta lo rí tó ń dojú ọmọrí sókè? Bí a ṣe ń dé ìkòkò la ṣe ń dé e."

Mo rò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí òótọ́ lójú mi. Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa tó máa ń dojú ọmọrí sókè. A gbé e bẹ́ẹ̀. Bàbá ti wọn ọmọrí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó gòkè, ó ní wọ́n fúyẹ́, kò burú.

Eruku dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ihò àtijọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ti sún ẹ̀rọ kúrò lórí wọn díẹ̀. Mo ń kọrin nídìí iṣẹ́. Mo tún kó tapólì mi wọlé ní jẹ́jẹ́. N kò mọ̀ pé etí ọmọrí, tó tinrin bí ẹnu ife, ń jẹ pákó lọ yíká yíká lábẹ́ ẹ̀rọ, bí ẹni fi ife gé àkàrà òyìnbó, àti pé ọmọrí fúnra rẹ̀ ló bo ibi tó ń gé mọ́ wa lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mo ń rán etí tapólì tó ní ìṣẹ́po mẹ́rin, mo fi gbogbo ara tẹ ẹ̀rọ. Mo gbọ́ *gbì*. Ẹ̀rọ fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹríba bí ẹni ń kí àgbà. Mo di ara ògiri mú. Nísàlẹ̀, Ìyá Onílé figbe ta, igbe tí mo rò pé ẹ̀mí rẹ̀ ló bá a lọ.

Bí mo ṣe sáré bọ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú oyún yẹn, Ọlọ́run ló yọ mí. Mo bá Ìyá Onílé lórí ibùsùn rẹ̀, ó jókòó ṣánṣán, ọbẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀, ó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Àwo oúnjẹ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú àwo náà, pákó róbótó kan wà, ó yíká bí ẹni fi kọ́ńpáàsì fà á, ọmọrí irin sì dé e lórí. Lókè, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi yọ láti inú àjà, ó ń wò wá.

"Ìyá mi, ó bà yín?" mo bi í, mo ti kúnlẹ̀.

"Kò bà mí." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. "Mo rò pé àjà ló ń já. Àṣé ọbẹ̀ mi ni ẹ fẹ́ bá mi dé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró mi. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Kékeré labẹ́rẹ́," ó wí pẹ̀lẹ́, "kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ wo bí nǹkan yẹn ṣe kéré tó."

Bàbá dé. Kò pariwo. Ó mú pákó róbótó náà nínú àwo, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń jù ú sókè díẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣe.

"Mo ti ránṣẹ́ sí káfíńtà," ó wí. "Ní ọ̀la ni yóò wá dí ihò yìí. Bó bá fi máa dé, kí ẹ̀rọ yẹn ti kúrò lókè mi. Ẹ̀yin lè dúró, èmi kò lé ọmọ ènìyàn. Ẹ̀rọ ló máa lọ."

Níbo? Kò sí yàrá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gba irú ẹ̀rọ aláriwo bẹ́ẹ̀ sí, mo ti wá a títí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá mi ni yóò padà sí, ọ̀nà jíjìn réré. Iṣẹ́ ọkọ mi, bó bá wà lónìí, kò sí lọ́la, nítorí ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ wa. Bí ó bá lọ, èmi yóò jókòó sínú yàrá pẹ̀lú ikùn ńlá, n ó máa wo ọwọ́ ọkọ mi bí ọmọ ẹyẹ ṣe ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. N kò sunkún. Inú bí mi dé ibi tí omijé gbẹ. Òfin ìwọ̀n ni mo pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òfin ìwọ̀n náà ló tún ń lé mi.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ tó tẹríba náà títí ọkọ mi fi dé láti ìrìn àjò. Ẹrẹ̀ ni láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. N kò tíì rí ẹnu fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi ń ro tirẹ̀ fún mi.

"Ọ̀nà yẹn fẹ́ pa wá lónìí! Ọkọ̀ rì. A sọ àpò kalẹ̀, ó tún ń rì. A sọ ìdajì ẹrù kalẹ̀, táyà kàn ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ ni. Ìgbà tó yá ni mo ní kí wọ́n yọ pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a tẹ́ ẹ síwájú táyà. Ẹ̀ẹ́! Bí ẹni ń rìn lórí títì ni. A tún kó gbogbo ẹrù padà sí i, ó sì ń lọ lórí pákó bí ọmọge."

Omi tí mo bù fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba abọ́ náà.

"Ẹ tún un sọ."

"Kí ni? Fún mi lómi."

"Ṣé ẹ ní ẹ kó ẹrù padà?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Ọkọ̀ kò fúyẹ́ sí i?"

"Báwo ló ṣe máa fúyẹ́?"

"Ẹrẹ̀ kò gbẹ?"

"Òjò ń rọ̀, ìyàwó! Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kí ló wá gbé ọkọ̀ dúró?"

"Pákó ni. Ibi táyà ti ń tẹ ẹrẹ̀ kéré, ó gún un bí ọ̀bẹ. Bí o bá tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ara pákó ló ń pín ẹrù náà fún ilẹ̀, kò sí ibì kan tó dá a gbé. Ọmọ ọkọ̀ wo ni kò mọ èyí?"

"Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Láti kékeré tí mo ti ń bá ọkọ̀ lọ."

Mo sọ abọ́ kalẹ̀. "Láti kékeré! Láti kékeré lẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń sọ fún aboyún pé kó dín oúnjẹ kù!"

Ọkọ mi wò mí. Ó wo ẹ̀rọ tó fẹsẹ̀ kan há sínú ihò.

"Ṣùgbọ́n ìwọ," ó wí, "ẹ̀rọ kì í ṣe mọ́tò."

"Kò ní ẹsẹ̀ tó ń rì ni?"

Ó kúnlẹ̀ wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ni ó ní a ó wá pákó tó fẹ̀ ní ọ̀la. Ọ̀la wo? Ọ̀la tí káfíńtà ń bọ̀? Mo yí ojú ká yàrá. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ̀, tó nípọn, tó sì tẹ́jú níbẹ̀. Ọkọ mi tọ ojú mi lọ, ó rí ibi tó dúró sí.

"Rárá o," ó wí.

"Ẹ mú irinṣẹ́ yín."

"Ilẹ̀kùn onílé ni! Yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn, gáréèjì ni."

"Yàrá tí kò ní oúnjẹ ńkọ́, kí là ń pe ìyẹn?"

Ó yọ àgbékọ́ ilẹ̀kùn náà, ó ń kùn bí oyin. Ó pe àwọn alábàárù tó bá a ti ìrìn àjò dé láti ìsàlẹ̀, wọ́n bá wa gbé ẹ̀rọ kúrò nínú ihò. A tẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbalaja, ó bo ihò tuntun, ó bo ihò àtijọ́. A gbé ẹ̀rọ lé àárín rẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàbá ló dún lórí àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ láti kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú òfuurufú.

"Ilẹ̀kùn mi dà?"

"Ó ń sùn, Bàbá," mo wí. "Ẹ wọlé."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n rán ìlà kan ṣoṣo lójú rẹ̀, bí eruku bá já, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jù sójú títì. Ó gbà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀. Ìyá Onílé ti lọ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ nísàlẹ̀ láti bá wa ṣọ́ àjà, ó ṣí agboorùn sórí ara rẹ̀. Mo mú tapólì tó nípọn jù, mo ṣẹ́ ẹ po, mo sì fi gbogbo ìbínú láti ìgbà tí mo ti dé ilé yẹn tẹ ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ké. Fèrèsé ń gbọ̀n. Nígbà tí mo rán an dé òpin, mo dúró.

Ohùn Ìyá Onílé wá láti ìsàlẹ̀: "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"A ti ṣe tán, Ìyá mi!"

"Hà!"

Mo yíjú sí bàbá. "Bàbá, ṣé eruku já?"

"Kò já."

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ wọlẹ̀?"

Ó fi ìka tọ́ etí ilẹ̀kùn yíká. "Kò wọlẹ̀."

"Ó tán nìyẹn."

"Kò tán." Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ẹ ti fi ìwọ̀n ilẹ̀kùn kún ìwọ̀n ẹ̀rọ. Ó ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn, mo ké. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ọkọ mi ní kí n rọra nítorí oyún, mo ní kí oyún náà wá gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́. "Bàbá, ó wúwo sí i, kò sì wọlẹ̀! Ó wúwo sí i, eruku kò sì já! Kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe fún yín?"

"Ìwọ̀n kò ní ojú àánú," bàbá wí.

Ìyá Onílé ti ń gòkè bọ̀, agboorùn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn.

"Bàbá, orí ta ni eruku ń dà sí tẹ́lẹ̀?"

"Orí rẹ ni."

"Ọbẹ̀ ta ni wọ́n dé?"

"Ọbẹ̀ rẹ ni."

"Ó dáa. Èmi tí mo ni orí, tí mo ni ọbẹ̀, mo ní kí ẹ̀rọ dúró. Bí ẹ bá tún wọn nǹkan kan nínú ilé yìí lónìí, èmi ni ẹ máa wọ̀n, ẹ ó sì wá ẹni tí yóò se oúnjẹ alẹ́."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn rẹ̀ tó sùn sílẹ̀. "Báwo ni yàrá mi yóò ṣe wà láìní ilẹ̀kùn?"

"Bàbá, ẹ mú ọ̀kan nínú méjì," mo wí. "Àjà tàbí ilẹ̀kùn."

Ó yí ẹ̀yìn padà sí wa. Ó kàn bọ́ àtẹ̀gùn lọ. Káfíńtà dé, ó dí àjà láti ìsàlẹ̀, ó lọ. Ẹ̀rọ mi dúró.

Mo ta tapólì sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo bí àkọ́bí mi sí, gbogbo ẹni tó ń gun òkè ló ń bá mi rọbí. Afẹ́fẹ́ orí àtẹ̀gùn ń fẹ́ wá lù wá lójú orun. Mo bẹ bàbá kó jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn mìíràn síbẹ̀. Ó ní yàrá kan, ilẹ̀kùn kan, òkè òun kò lè gbé méjì.

Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tó ń sọ kiri. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ mi ti rù. Ó ní iṣẹ́ ti jẹ ẹ́ lára, ìdí nìyẹn tí kò fi da ilẹ̀ láàmú mọ́. Mo gbọ́ ọ, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a níbi ìwọ̀n. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín." Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Kò dùn mí."

Mo wá fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ lé ibẹ̀, mo fi agbára kan náà tẹ̀ ẹ́. Ó fa ọwọ́ yọ, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Bàbá, agbára kan náà ni o! Ọwọ́ kan náà ni! Ibi tó bọ́ sí ló kéré!"

Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó sì mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé. Inú mi dùn.

"Ìyàwó Dírẹ́bà," ó wí, "ti àkọ́kọ́, o fi ìfẹ́ tẹ̀ ẹ́. Èkejì, o fi ìbínú tẹ̀ ẹ́."

Mo gun òkè padà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń sọ fún àlejò kan tó dúró lórí ìwọ̀n pé ẹ̀rọ kan wà lókè tó rù láìṣàìsàn. Mo fa tapólì sún mọ́ra, mo sì tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo etí mi.